Bí mọ́tò bá yàgò fún ẹsẹ̀ nínú Ọjà Ọba: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń sọ ọ́ káàkiri Ìlọrin pé kí wọ́n máa ti títì inú Ọjà Ọba mọ́ mọ́tò lọ́sàn-án, níbi ìsọmọlórúkọ, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n lọ ra mọ́tò kí ara mi lè balẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ni mo bá kó wọn jọ síbí.

Kí lẹ ń wí gan-an? Ṣé kí gbogbo wa máa fẹsẹ̀ rìn ni?

Rárá o. Ẹni tó ń ti Táńkẹ́ lọ sí Póòsì Ọ́físì, kó wọ mọ́tò rẹ̀. Ọ̀nà kúkúrú kan péré ni mò ń sọ: títì tó gba àárín Ọjà Ọba kọjá, láti iwájú ààfin Ẹ́míà lọ síbi tí ìsọ̀ ti ń tán. Kí mọ́tò, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà má gba ibẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́fà, kí wọ́n ṣí i padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé kò dọ́gba. Àwọn kan ti ọ̀nà pa pátápátá. Àwọn kan fi wákàtí sí i. Àwọn mìíràn ya ọjọ́ sọ́tọ̀: ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, láti 1974 ni wọ́n ti ń ti àwọn títì ńlá mọ́ mọ́tò ní ọjọ́ Àìkú, láti aago méje àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọ̀nà tí wọ́n ń tì bẹ́ẹ̀ ti lé ní 120 kìlómítà. Àwọn kan á gun básíkùlù, àwọn kan á sáré, ìyá àgbà á máa rọra bọ̀ lẹ́yìn. Tí aago méjì bá lù, mọ́tò á wọlé padà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ti oníwákàtí ni èmi ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ta ló ti ṣe é rí tó dáa?

Ní November 1962, wọ́n ti òpópónà Strøget ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, mọ́ mọ́tò. Ó gùn ju kìlómítà kan lọ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dán an wò ni. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù pariwo pé ọjà àwọn ti kú, pé òtútù ìlú àwọn kò jẹ́ kéèyàn máa rìn gbéregbère níta, àwọn kì í ṣe ará Ítálì. Nígbà tó fi máa di 1964, ìdánwò ti di òfin, títí dòní ni ọjà sì ń lọ níbẹ̀. Ní Istanbul náà, ní Tọ́kì, láti 1990 ni òpópónà İstiklal ti di ti ẹlẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ojú irin pupa kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tíráàmù ló ń gba àárín wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Curitiba ní Brazil. Ní 1972, Jaime Lerner, ayàwòrán ilé tó di olórí ìlú yẹn, fẹ́ gba òpópónà Rua XV de Novembro lọ́wọ́ mọ́tò. Ó mọ̀ pé bí òun bá fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láyè àtilọ sílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà á di ti ọmọọmọ wọn. Ó dúró di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí ilé ẹjọ́ ti kógbá sílé, ló bá da òṣìṣẹ́ sí títì. Wọ́n hú ọ̀dà, wọ́n tẹ́ òkúta, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n ri òpó iná, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Inú bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù gidi, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn kan náà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó nà án síwájú sí i. Ó wá ku àwọn onímọ́tò, tí wọ́n lérí pé bó bá di Sátidé, àwọn á wa mọ́tò gbabẹ̀, kí àwọn wo ẹni tí yóò dá àwọn dúró. Lerner kò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n tẹ́ bébà gbọọrọ sí òpópónà, kí wọ́n kó àwọn ọmọdé jókòó tì í kí wọ́n máa yàwòrán. Ìgbà tí àwọn onímọ́tò dé, ọmọ ni wọ́n bá nílẹ̀. Ta ló máa wa mọ́tò lé ọmọ ọlọ́mọ? Wọ́n ṣẹ́rí padà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi òru ṣe tiwa o. Ìlú tó ní Ẹ́míà, tó ní Balógun mẹ́rin, tí mágàjí inú rẹ̀ kò lóǹkà, ẹni tó bá fi òru hú títì Ọjà Ọba níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti máa wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Ìlú òyìnbó nìyẹn. Ti Adúláwọ̀ ńkọ́?

Fez ní Mọ̀rókò ju gbogbo wọn lọ. Nínú ìlú àtijọ́ rẹ̀, Fez el-Bali, mọ́tò kò ríbi gbà, ọ̀nà ibẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka ló ń kó ẹrù, onítọ̀hún á sì máa kígbe “Balak!” bí ó ti ń bọ̀, bí àwọn alábàárù wa ṣe ń kígbe “Àgò o!” gẹ́lẹ́. Láti 1981 ni àjọ UNESCO ti kọ ìlú náà sára ogún gbogbo ayé. Ní Kigali, olú ìlú Rwanda, láti 2016 ni wọ́n ti ń ya àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù, tí mọ́tò kì í gba àwọn ọ̀nà kan, kí aráàlú lè jáde ṣeré ìdárayá. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Addis Ababa, olú ìlú Ethiopia, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2018.

Ṣùgbọ́n kí ló ń gbé wa lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gba ẹ̀yìn Ọjà Ọba wọ inú agbo ilé. Ọ̀nà tóóró tó gba ẹnu ọ̀nà ìyá kan, tó yípo kànga, tó bọ́ sí ojúde bàbá ẹlòmíràn, tó tún là sí ẹ̀yìn mọ́sálásí kékeré. Mọ́tò kò wọ ibẹ̀ rí. Ọmọdé ń ta bọ́ọ̀lù, adìẹ ń jẹ̀, Alhaja ń gé èèlò ọbẹ̀ lórí ìjókòó, àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sórí ẹní ń fa tẹ̀sùbáà. Ohun tí òyìnbó ń náwó kọ́ tuntun, àwọn baba wa fi amọ̀ kọ́ ọ, àwa la ń wó o láti fi gba mọ́tò wọlé.

A sì ti ń ti títì tipẹ́tipẹ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀, àwọn tó ń kírun ní Mọ́sálásí Àpapọ̀ tí wọ́n ṣí ní 1981 máa ń pọ̀ débi pé ẹní wọn á dé ojú ọ̀nà. Ní ọjọ́ Ìtúnu àti Iléyá, ta ló ń wa mọ́tò kọjá iwájú ààfin? Ẹṣin ló ni ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ṣebí a sì ń kì wá pé ẹṣin ni eégún ilé wa. Bí wọ́n bá ń ṣe yìgì, kánópì á dé àárín títì. Bí Alfa bá fẹ́ ṣe wáàsí lálẹ́, wọ́n á to àga dí ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́, ẹni tó gbé mọ́tò á wá ibòmíràn gbà, kò sì sẹ́ni tó máa pè é ní àṣà òyìnbó. Títi ọ̀nà kò ṣòro fún wa. Aago la kò ní. Onímọ́tò kò mọ ìgbà tí wọ́n máa tì í, kò mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i, kò sì rí pátákó kankan níwájú tó máa sọ fún un pé kó yà. Ohun tó ń bí i nínú nìyẹn, bó bá sì jẹ́ èmi náà ni, màá bínú.

Ìyá mi ní ìsọ̀ níbẹ̀. Bí onímọ́tò kò bá wọlé mọ́, ta ló máa rajà?

Ìyá tèmi náà ta aṣọ ní Ọjà Ọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà mi ò ní fi ìbéèrè yìí ṣeré.

Ní Sátidé kan tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Obìnrin kan yà sọ́dọ̀ wa, ó mú àǹkárá aláwọ̀ búlúù kan, ó ní òun fẹ́ fi ojú oòrùn wò ó. Ó fa aṣọ náà jáde, ó nà án. Mọ́tò kan fọn fèrè, ó sún wọlé. Mọ́tò yẹn kọjá, ó tún nà án. Kẹ̀kẹ́ kan dé, ó tún sún wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ kan fa etí aṣọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ya, àmọ́ ó kó eruku. Obìnrin náà ká aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó gbé e lé ìyá mi lórí itan, ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá, màá padà wá.” Ẹni tó bá ti tajà rí mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Mo wo inú mọ́tò tó ṣe é. Èèyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fèrèsé pa. Ìhà àdúgbò Gàmbàrí ni wọ́n dojú kọ. Wọn kò ra abẹ́rẹ́ nínú ọjà yẹn.

Ìyá mi ní, “Ṣé o rí i? Kò rà, kò sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà rà.”

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo ojú àwọn tó ń wa mọ́tò gba inú ọjà. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kò wá nǹkan kan wá síbẹ̀, ọ̀nà àbùjá ni wọ́n fi í ṣe. Oníwàrà tó gbé bàsíà lérí, tí omi wàrà ń kán sí i léjìká, òun ló ń fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kí wọ́n lè kọjá.

Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣe é ló dára. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Kalamazoo ló kọ́kọ́ sọ òpópónà àárín ìlú di ti ẹlẹ́sẹ̀, ní 1959. Nǹkan bí 200 ìlú tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti ṣí i padà fún mọ́tò, Kalamazoo fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1998. Ẹsẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ọjà ti bá wọn lọ, wọ́n wá ń tún títì ṣe fún ẹni tí kò sí nílé mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí èrò kì í wọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ti Ọjà Ọba yàtọ̀, èrò ibẹ̀ kò lóǹkà, ààyè tí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ sí ló ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀nà wo ni ẹrù máa gbà dé ìsọ̀?

Kó wọlé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi púpọ̀ nìyẹn, ó sì rọrùn fún ọlọ́kọ̀ gan-an, torí kò ní máa fi wákàtí méjì bá èrò fa ọ̀nà. Láàárín ọ̀sán, ọmọlanke, bárò àti alábàárù ló máa ń ṣiṣẹ́ yẹn báyìí náà. Owó wọn á tún dára sí i.

Arúgbó, aboyún àti ẹni tí kò lè rìn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú. Mọ́tò tó ń gbé aláìsàn àti ti panápaná gbọ́dọ̀ ráyè wọlé nígbàkígbà, nítorí náà kì í ṣe bíríkì la máa fi dí ọ̀nà, òpó irin tó ṣeé fà yọ ni, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níbẹ̀ látàárọ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí kẹ̀kẹ́ bíi méjì ní ìwé àṣẹ, kó máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀lé àgbà, kó máa gbé wọn. Bákan náà ni fún òkú tí wọ́n ń gbé lọ sílé rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká bi ara wa: bó ṣe wà lónìí, ṣé ó dára fún arúgbó? Ọmọrí gọ́tà kan ti kán, òmíràn ti sọnù, ibi tó ṣẹ́ kù, àtẹ ọjà ti gbà á. Màmá ẹni ọgọ́rin ọdún a máa bọ́ sí títì gan-an bá mọ́tò rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti 190,000 èèyàn ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún káàkiri ayé. Ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń gun básíkùlù tàbí ọlọ́kadà, àwọn tí kò ní irin kankan tó bò wọ́n.

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn?

Ibí yìí ni ó le sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó máa pàdánù, ó ń tàn yín. Ẹni tó ń gbé èrò láti ẹnu ìsọ̀ kan dé òmíràn máa pàdánù náírà díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti wa kẹ̀kẹ́ gba Ọjà Ọba lọ́sàn-án mọ̀ pé epo ló ń jóná níbẹ̀, owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Dẹ́rẹ́bà kan tó gbé mi ní, “Ọ̀gá, bí wọ́n bá fún mi níbi tí mo ti lè yí padà, tí èrò á máa bá mi níbẹ̀, kí ló kàn mí nínú ọjà?” Ohun tó béèrè ni ká fún un: páàkì gidi lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tó ní òrùlé, tí èrò á tò sí, tí agbèrò kò ní máa fa àpò lọ́wọ́ ìyá oníyàá. Bí kò bá sí páàkì, kí wọ́n má tì í rárá. Wọ́n máa kàn kó ìjà lọ sí ojú títì kejì ni.

Ṣé góslo kò kàn ní kó lọ sí Gàmbàrí àti Ìpàta?

Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ohun tó yani lẹ́nu nìyẹn. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì, Cairns, Atkins àti Goodwin, yẹ ibi tó lé ní 70 wò ní orílẹ̀-èdè 11, níbi tí wọ́n ti dín ààyè mọ́tò kù. Nínú ìdajì wọn, ó lé ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn mọ́tò tó ń gbabẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọn kò rí mọ́ rárá ní àdúgbò tó yí ibẹ̀ ká. Mọ́tò kì í ṣe omi tó jẹ́ pé tó o bá dí i níhìn-ín, á ṣàn gba ọ̀hún. Èèyàn ló ń wà á. Ẹlòmíràn á yí àkókò tó ń jáde padà, ẹlòmíràn á fi ẹsẹ̀ rìn ín, ẹlòmíràn á rántí pé kò sídìí tóun fi gbabẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní gbára lé ọ̀rọ̀ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì nìkan lórí ti Gàmbàrí. Kí àwọn òṣìṣẹ́ KWARTMA, àjọ tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó ní Kwara, dúró ní oríta fún oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kó àwọn mọ́tò tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀ kúrò. Mọ́tò tí kò rìn ló ń dá èyí tó ń rìn dúró.

Oòrùn Ìlọrin ńkọ́?

Òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta, oòrùn wa kò mọ ọmọ ẹnìkan. Ẹ gbin dóńgóyárò, ẹ gbin máńgòrò sí ojúde tó bá láyè, kí wọ́n tó dàgbà, kí á na tapólì láti òrùlé ìsọ̀ kan sí òmíràn. Ìlú àtijọ́ Fez kò gbára lé igi, ọ̀nà tóóró àti ilé gíga ló fi ń ṣíji bo ara rẹ̀. Ó dájú pé títì tí wọ́n fẹ̀ fún mọ́tò ló gbóná jù.

Ta ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló láṣẹ. Àmọ́ bí wọ́n bá fi pátákó ṣáájú ẹnu, wọn kò ní rí i ṣe. Ààfin ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyálọ́jà àti baba ọjà, kí àwọn Alfa gbọ́ ọ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lórí rédíò. Oṣù mẹ́ta ni kí wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe títí láé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ àgbàṣe olówó gọbọi jáde, tó fẹ́ tẹ́ táìsì dídán kó tó mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́, ojú àpò ara rẹ̀ ló ń wò. Àgbá tí wọ́n fi ọ̀dà kùn àti okùn ti tó fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀fà àti Òmù-Àrán ńkọ́?

Níbi tí ọjà bá jẹ́ ti ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ ọjà nìkan ni kí wọ́n tì í. Ó tún rọrùn ju ti Ìlọrin lọ, torí gbogbo ìlú ló ti mọ ọjọ́ ọjà lórí. Ìṣòro tiwọn ni ibi tí ọjà bá ti jókòó sórí títì tí mọ́tò ọ̀nà jíjìn ń gbà. Ìyẹn kò ṣeé tì, ọjà ló máa sún wọlé díẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bó bá dára?

Ká kà á. Bí Jan Gehl, ayàwòrán ilé ará Denmark, ṣe ṣe é ní Copenhagen nìyẹn, ó ń dúró sí òpópónà pẹ̀lú ìwé àti bírò, ó ń ka iye ẹni tó ń rìn kọjá, iye ẹni tó dúró, iye ẹni tó jókòó. Kò gba ẹ̀rọ. Ká ka ẹsẹ̀ àti táyà kí wọ́n tó tì í, ká tún kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká sì bi àwọn ìyálọ́jà léèrè ohun tí àpò wọn wí.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ilà sí àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ lápá ọ̀tún, mọ́tò lápá òsì. Ẹ dúró ní aago mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàrà, kò ní lé yín, àmọ́ ó máa retí pé kẹ́ ẹ rà. Kí ẹ má sì gbàgbé láti bojú wẹ̀yìn, mọ́tò ṣì ń kọjá níbẹ̀.